Ẹni Kẹta Nínú Yàrá Ẹni Méjì

Iṣẹ́ aṣọ ní KTL, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 tó sì kógbá wọlé ní 2002, ló kó ọ̀pọ̀ nínú wa wá sí Kakuri. Ẹni méjì a dáwó gba yàrá kan. Àṣà náà kò tíì tán.

Wàyí o, ọ̀kan mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá, ó ní ọjọ́ méjì péré. Oṣù kan kọjá. Èkejì ti iṣẹ́ òru dé, ó ń tòògbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jáde, kò sì tọ́ kí òun àti obìnrin náà nìkan wà nínú yàrá. Wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Sùúrù báwo? Àlùkùránì, Súrátù Núr ẹsẹ 27, ní ká gbàyè ká tó wọ ilé onílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ànábì sì fi sí àlejò. Ìdajì owó ilé kò tó láti fi yàrá odidi tọrẹ.

Kó má lé obìnrin náà o. Bóyá wọ́n ti sọ fún un pé àwọn méjèèjì ló gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kó pè sẹ́yìn ilé: kó lọ so yìgì, kó gba yàrá tirẹ̀. Bí ìyẹn bá bínú, kí wọ́n ṣírò owó ilé tó kù.