Ẹni Tí Ó Fi Ìlú Sílẹ̀ Lọ Gbé Orí Òkè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí ìlú bá sú wọn. Ariwo ọkọ̀ ti pọ̀ jù, owó ilé kò dẹwọ́, aládùúgbò kò mọ orúkọ ẹni. Nítorí náà wọn yóò kó ẹrù wọn lọ sí orí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ gbé tutù tí ọkàn sì gbé balẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn wá ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun òkè lọ, ǹjẹ́ ọrùn rẹ̀ bọ́ nínú ọ̀ràn àwọn tí ó fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí?

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí gbé fojú hàn tó Kabawa ní Lọ́kọ́jà. Odò Ọya wà níwájú ìlú náà, Òkè Pàtí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀bá odò ni Kabawa, tí í ṣe àdúgbò àtijọ́, ṣù mọ́. Òkè Pàtí ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,500, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé gbé pàdé, yóò sì rí òrùlé páànù lọ rẹrẹ nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀, ìlú a máa dára lójú. Kò sí òórùn, kò sí ìjà, kò sí ẹni tí ń bèèrè owó oúnjẹ.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, gígun òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tútù rárá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà a máa kógun ja àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, Bùnú, Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wẹ́, wọn a sì kó wọn lẹ́rú. Ẹṣin kò mọ àpáta gùn; nítorí náà ni òkè fi di odi fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú ìtàn náà ni pé àgbájọ ìlú ni ó ń gòkè. Arúgbó tí kò lè rìn, aboyún, ọmọ ọwọ́, irúgbìn ọdún tí ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní láti ro kí wọ́n tó gbéra. Títí di òní, ìlú Agbaja tí Olú Ọ̀wọ́rọ̀ gbé ń jọba ṣì wà lórí òkè pẹrẹsẹ, kò jìnnà sí Lọ́kọ́jà.

Àwọn mìíràn sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, tí ìbẹ̀rù ẹlẹ́ṣin sì dópin ní agbègbè náà. Ní ilẹ̀ Oǹdó, àwọn ará Ìdànrè, tí wọ́n ti gbé orí àpáta fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ̀kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Oko, ọ̀nà ọkọ̀, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ wà nísàlẹ̀. Wọ́n ṣì ń gun àtẹ̀gùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọnnì padà lọ ṣe orò ní ìlú àtijọ́. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ nígbà tí wọ́n gòkè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, nítorí pé wọn kò já ara wọn sílẹ̀ ní ìgbà kankan.

Irú gígun òkè kejì dé pẹ̀lú òyìnbó. Lọ́kọ́jà ni Lugard gbé ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ilé ìsinmi rẹ̀ sì wà lórí Òkè Pàtí. (Àwọn kan a máa ní orí òkè yìí ni Flora Shaw gbé sọ Nàìjíríà lórúkọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn London ni orúkọ náà gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1897, ọdún 1902 ni obìnrin náà sì tó fẹ́ Lugard.) Ilé ìsinmi yàtọ̀ sí odi. Ẹni tí ó gun òkè lọ sí ilé ìsinmi fi àwọn tí ń sin ín sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń wò wọ́n láti òkè. Irú èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ìlú sú ní òde òní ń fẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí àwọn ẹni mímọ́ pàápàá gun òkè? Òótọ́ ni. Mósè lo ogójì ọjọ́ lórí Sínáì. Ànábì Muhammad a máa dá wà nínú ihò Hírà lórí òkè tí ó wà lẹ́bàá Mẹ́kà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ̀kalẹ̀, ẹrù àwọn ènìyàn sì wúwo lọ́rùn wọn ju ti ìṣáájú lọ. Antony ará Íjíbítì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba àwọn adágbé, gbin ewébẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè rẹ̀ nítorí àwọn àlejò tí ń wá a. Nígbà tí wọ́n sì ń pa àwọn onígbàgbọ́ ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí ọdún 311, ó kúrò ní ibùgbé rẹ̀ lọ dúró tì wọ́n.

Ní Kabawa, ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ti inú ìwé. Ní ọdún 2012, omi kún bo ẹ̀bá odò náà. Ènìyàn 363 ni ó kú káàkiri Nàìjíríà, àwọn tí omi lé kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù 2. Ní ọdún 2022, ó tún dé. Àwọn tí ó kú lé ní 600 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Òjò ni ó fà á, omi tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láti àwọn ìsédò sì kún un, pàápàá ìsédò Lagdo tí Kamẹrúùnù kọ́ parí ní 1982. Ẹni tí ó ṣí omi lókè kò rí ojú ẹni tí omi náà bá nísàlẹ̀.

Bí omi bá ti fà, àwọn ènìyàn a padà sí Kabawa, àwọn tí ilé wọn wà lókè a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn pé olóríkunkun ni wọ́n. Èébú yìí kò tọ́. Odò ni oko apẹja. Kò lè gbé e lérí gun òkè. Ilẹ̀ gíga ní owó tirẹ̀, omi mímu níbẹ̀ ní owó tirẹ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé ènìyàn wá sí ọjà lójoojúmọ́ náà sì ń bèèrè tirẹ̀. Ẹni tí ó lówó ni ó lè pe kíkúrò nílé ní ọgbọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó gòkè kò jìnnà tó bí ó ti rò. Bí ó bá gé igi ẹ̀gbẹ́ òkè láti kọ́lé, òjò tí gbòǹgbò ìbá mu yóò ru yanrìn sọ̀kalẹ̀, yanrìn náà yóò dí gọ́tà, omi yóò sì wọ yàrá ẹlòmíràn. Ó sùn dáadáa lókè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé ń gbọ́n omi.

A kò gbọdọ̀ ti ìtorí èyí sọ pé kí ẹni tí ó ti sin ìjọba fún ọdún 35 kú sínú ariwo. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí afẹ́fẹ́ tútù, bí ó bá fi igi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí Odò Ọya bá ń gòkè bọ̀, tí ìyá kan láti Kabawa gbẹ́rù lérí, tí ó pọn ọmọ kan tí ó fa èkejì lọ́wọ́, tí ó kan ilẹ̀kùn ilé oníyàrá mẹ́fà tí ẹni méjì péré ń gbé lórí ilẹ̀ gíga, ṣé "Ẹ wọlé" ni yóò gbọ́, tàbí "Ta ni ẹ wá bá níbí?"