Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Ó Sùn

  

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lósù yìí kì í ṣe ti sàká, kì í ṣe ti ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ oorun ni, oorun ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, tí ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Ẹlòmíràn lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ló kan àfáà kan oorun. Ẹ fara balẹ̀.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, a kò ní dárúkọ wọn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn wọn bàjẹ́. Bí wọ́n bá rìn láti ilé dé mọ́sáláṣí, wọ́n á máa mí gúlegúle bí ẹni tí wọ́n lé dé ibẹ̀. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọmọ ta ilẹ̀, ìyàwó ta ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ní àtàpàdánù, ẹgbẹ́ náà dá owó. Ọlọ́hun gbọ́ àdúà wa, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere.

Ní ọjọ́ karùn-ún, a háyà bọ́ọ̀sì, àwa mẹ́tàdínlógún, a lọ kí wọn. Nígbà tí a débẹ̀, bàbá ń sùn. Kí ni a ṣe? A jí wọn. Àwa gan-an tí à ń kọ èyí ni a gbé ohùn sókè tí a ka Yáásì, tí jàmáà ń ṣe àmín, tí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì fi ìrọ̀rí bo etí. Ìyàwó bàbá ń wò wá, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ ni nọ́ọ̀sì kan, ọmọbìnrin Ìgbò tí kò ju àkọ́bí wa lọ, pè wá sí kọ̀rọ̀. Ó ní láti ìjẹta ni bàbá yẹn kò ti fojú kan oorun, èyí tí a bá wọn lẹ́nu rẹ̀ yẹn ni àkọ́kọ́. Ojú tì wá. Nínú bọ́ọ̀sì, títí a fi padà dé Onitsha, kò sẹ́ni tó dá àpárá.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ohun àjèjì ní agbègbè wa. Enugu tó jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà sí wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn irú èyí ní Nàìjíríà, ní ọdún 1974, ní ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní UNTH, èyí tó wà ní Ituku-Ozalla báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub, dókítà ọmọ Íjíbítì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Òyìnbó, wà lára àwọn tó ṣe é. Àmọ́ ohun tí ojú aláìsàn ń rí lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀.

Ayùn ni wọ́n fi ń la egungun igbá àyà sí méjì, wọ́n á sì fi wáyà dè é padà. Egungun náà lè gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí ó tó jinná. Nítorí náà, ẹni tó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn láti kékeré á di ẹni tí ń fẹ̀yìn lélẹ̀ tipátipá. Bí ó bá wúkọ́, ìrora ni. Rọ́bà wà ní àyà rẹ̀, òmíràn wà ní ọrùn, òmíràn wà níbi ìtọ̀. Ẹ̀rọ ń ké lórí rẹ̀, iná kì í kú, nọ́ọ̀sì ń wá wo ìfúnpá rẹ̀ láàárín òru (iṣẹ́ wọn ni, a kò bá wọn wí). Oorun tí abẹ́rẹ́ sì fi kun ènìyàn kì í ṣe oorun tí ara ń sinmi sí. Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ariwo inú wọ́ọ̀dù lóru kò yẹ kí ó ju desibẹ́ẹ̀lì 30 lọ, ìyẹn kò sì ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Àwa tí à ń gbé ẹ̀bá Upper Iweka, tí jẹnẹrétọ̀ àti fèrè mọ́tò ń kọrin fún lálaalẹ́, lè wí pé ariwo ti mọ́ wa lára. Ọkàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, kò tíì mọ́ òun lára.

Bí oorun bá wọ́n, ìrora á le sí i, agbára àtidìde rìn á dín kù. Àwọn mìíràn, pàápàá àgbàlagbà, làákàyè wọn á dàrú fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n á máa bá òkú sọ̀rọ̀, wọ́n á fẹ́ fa rọ́bà yọ. Níbí ni àwa Yorùbá ti máa ń sá wá tírà kiri pé ayé ni, àlùjànnú ni. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ abẹ, oògùn àti àìsùn wà lára ohun tó ń fa èyí, ó sì sábà máa ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni kí ẹ tètè pè.

Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súúrà Nabaì pé ìsinmi ni Òun ṣe oorun wa, aṣọ ìbora sì ni Òun ṣe òru. Nínú Súúrà Ànfáàlì, Ó rán àwọn onígbàgbọ́ létí bí Ó ṣe fi òògbé bò wọ́n ní Bádírì kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ogun wà níwájú wọn, oorun ni Ó kọ́kọ́ fún wọn. Ta ni àwa tí a ó wá já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá ikú jìjàkadì?

Mìkídáàdù, sàábé Ànábì, ròyìn ohun kan tó wà nínú ìwé Muslim. Ebi ti pa òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n sì wọ̀ sọ́dọ̀ Ànábì. Bí Ànábì bá wọlé lóru, á sálámà lọ́nà tí ẹni tó lajú yóò fi gbọ́, tí ẹni tó ń sùn kò sì ní jí. Ẹ wo òjíṣẹ́ Ọlọ́hun nínú ilé ara rẹ̀! Abu Dawud náà ròyìn pé nígbà tí Ànábì wà ní ìtíkáfù, ó gbọ́ tí àwọn kan ń ka Àlùkùránì sókè, ó ká aṣọ ìkélé, ó ní kí wọ́n má ṣe fi kíkà wọn ni ara wọn lára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí ara wọn le nínú mọ́sáláṣí, kí ni a ó sọ nípa wọ́ọ̀dù? Yáásì tí a kà lábẹ́nu, Ọlọ́hun gbọ́ ọ.

Ìyàwó aláìsàn kan bi wá bóyá kí òun máa jí ọkọ òun fún náfílà òru. Rárá o. Ti ọ̀ranyàn ni kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí làákàyè rẹ̀ bá pé, ṣùgbọ́n á kí i ní ìjókòó tàbí ní ìdùbúlẹ̀, á ṣe tàyámámù bí omi bá léwu fún un. Mọ́síhábù Màlíkì tí àwa ń tẹ̀lé sì gba aláìsàn láyè láti pa ìrun méjì pọ̀. Bí oorun bá gbé e lọ kọjá àkókò, ìgbà tí ó bá jí ni kí ó kí i.

Láti ọjọ́ tí a ti sọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé, ènìyàn méjì ni ẹgbẹ́ ń rán lọ kí aláìsàn. Wọ́n á bi nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó wọlé. Bí aláìsàn bá ń sùn, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó, wọ́n á padà. Owó bọ́ọ̀sì tí a kò háyà mọ́, inú bíìlì oògùn ló ń lọ. Àwọn ìyá wa sì ti ń ra ìdí etí àti aṣọ ìbojú tí aláìsàn lè lò lóru, wọn kò wọ́n, àwọn tó ti ṣe ìwádìí rẹ̀ sì sọ pé ó ń ṣèrànwọ́.

Bàbá wa yẹn ti wà nílé. Ó tó oṣù méjì kí oorun wọn tó dúró. Ní báyìí, bí ẹ bá dé ilé wọn lẹ́yìn ìrun Àìlà, ẹ ó bá ìyàwó wọn ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fi ìka lé ètè, wọ́n á sì nawọ́ sí bẹ́ńṣì. Ẹ jókòó, omi tútù wà nínú kúlà.