Owó Ìlú Lọ́wọ́ Ọmọlúàbí

Nínú gbogbo ohun tí Yorùbá fi ń dá ọmọlúàbí mọ̀, ìṣọ́ ohun tí a fi síni níkàáwọ́ ló le jù. Ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, kó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kó sì lawọ́. Bí owó ìlú bá wọ ọwọ́ rẹ̀ tí kò jáde mọ́, kì í ṣe ọmọlúàbí. Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó korò.

Ní 1968 sí 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń lọ lọ́wọ́, àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà. Owó orí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìwà àwọn tó ń gba owó náà wà lára ohun tó dùn wọ́n jù. Akódà a já wọ abúlé ní ìdájí, a ní kí baálé ilé mú rìsíìtì wá. Ẹni tí kò bá rí i mú wá, wọn a wọ́ ọ lọ. Wòlé-wòlé a tún dé, a ní àmù omi kò mọ́, àfi bí onílé bá wá nǹkan fi sí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà oko tó yẹ kí owó náà tún ṣe kò ṣeé gbà lójò.

Òfin wà lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn, ìwà ni kò sí. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà la ó fi wọn àwọn tí inú bí. Ní oṣù Keje 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé, nínú rògbòdìyàn náà. Ẹjọ́ wọn tọ́, ọwọ́ tí wọ́n fi mú un kò tọ́ rárá. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló padà tán ọ̀rọ̀: Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè, aṣáájú Àgbẹ̀kọ̀yà, àti àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí £2.

Lónìí, kì í ṣe ọwọ́ àgbẹ̀ mọ́, Àbújá ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ti ń wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà má dì í mú. Ìdájọ́ rere ni, àmọ́ kóòtù kò lè fi ìwà síni lára. Bí ẹnì kan bá jẹ owó gọ́tà mọ́lẹ̀, ìyá aláta tó ń ná Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń jìyà rẹ̀: ẹrẹ̀ gba ọ̀nà, ọkọ̀ kò dé ìdí ìsọ̀, ó di dandan kó sanwó alábàárù, owó yẹn sì kúrò nínú owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin alága àti káńsẹ́lọ̀, ẹ ṣírò owó ìlú fún ìlú. Ẹ̀yin aráàlú, ẹ yé fi oyè dá ẹni tó kówó yín jẹ lọ́lá. Ẹ gba rìsíìtì owó ọjà tí ẹ bá san, ẹ bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe. Ẹnu àti ìbò ni kí ẹ fi bèèrè, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, kí inú má baà tún bí wa débi tí a ó fọwọ́ ara wa tú ìlú wa.