Ta Ló Ń Gbá Ilẹ̀ Ibẹ̀?

Oúnjẹ Òwúrọ̀
Ẹ̀kọ́ kíkà: Nehemáyà 2:11-18 àti orí 3

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru ní Ọba Akran, ẹ kú àárẹ̀ o, ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú dánfó ní Pen Cinema, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kẹ́ ẹ lọ síwájú, àyè wà fún yín dáadáa láti kà á.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò láàárọ̀ yìí, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ sí abúlé tí bàbá mi ti ṣe tísà ìjọ nígbà ayé wọn. Láti Àgége, ẹ ó wọkọ̀ dé Ifọ̀, ẹ ó wá gun ọ̀kadà wọnú oko lọ. Kò jìnnà. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti débẹ̀ kẹ́yìn. Mo ń fowó ránṣẹ́ o! Tí wọ́n bá ti pè pé òrùlé ń jò, mo tẹ fóònù, owó lọ. Mo rò pé mo ti ṣe tèmi.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò tóbi. Yangí ni wọ́n fi mọ ọ́n, òkúta pupa tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú ilẹ̀ oko, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ sókè ẹnu ọ̀nà, àmọ́ òjò ti jẹ ẹ́. 19 nìkan lẹ lè kà, ìyókù ti di àpá lásán. Páànù ti ṣí lápá ọ̀tún. Àga mẹ́rin péré ló dúró, ikán ti jẹ àwọn tó kù. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan ti ki gbòǹgbò bọ ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ, ó ń là á díẹ̀díẹ̀. Agogo ṣì wà níbi tí wọ́n so ó sí láyé bàbá mi.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wá ibi tí mo ti máa ya fọ́tò tí mo máa fi síbí, kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Ìgbà yẹn ni mo wolẹ̀. Wọ́n ti gbálẹ̀. Ojú ìgbálẹ̀ ṣì hàn lórí erùpẹ̀. Wọ́n gbá a láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni.

Ìyá àgbà kan jáde láti ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ta nìyí?" Mo dárúkọ bàbá mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Ìwọ lò ń fowó ránṣẹ́ sí wa?" Mo ní èmi ni, mà. Wọ́n ní, "O ṣé o, ọmọ mi. A ń rí owó, a ò rí ẹ."

Wọ́n mú mi wọlé, wọ́n nawọ́ sókè. Páànù mẹ́fà ni wọ́n fi owó tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn rà. Ìjì ti gbé mẹ́rin lọ nínú ẹ̀, nítorí pé igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, ìṣó ò rí nǹkan dì mú. Ẹnikẹ́ni tó bá wá wò ó, ì báà ṣe ọmọdé, á mọ̀ pé igi ló yẹ ká kọ́kọ́ pààrọ̀. Wọn ò sì sọ fún mi lórí fóònù, torí owó páànù ni mo ní mo fẹ́ fún wọn. Àwọn márùn-ún ló kù tí wọ́n ń jọ́sìn níbẹ̀. Ìyá yìí náà ni wọ́n ń lu agogo. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá ń dùn wọ́n, agogo ò dún nìyẹn.

Ẹ wo Nehemáyà. Agbọ́tí ọba ni, iṣẹ́ gidi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣúṣánì. Ṣebí ó lè fi igi àti owó ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù kó sì jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀? Ó gbàyè lọ́dọ̀ ọba, ó lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, kò pe ìpàdé. Ó dìde lóru pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, ó ń wo ògiri láti ẹnubodè dé ẹnubodè, títí ó fi dé ibi tí ẹran tó gùn ò ti rí àyè kọjá mọ́. Ìgbà tó wò ó tán ló tó la ẹnu.

Ẹ̀yin ará Ìkẹjà àti Àgége, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ abúlé ò kàn án. Kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fáwọn kọ́ńpìnnì ní Ìkẹjà láàárín ọdún 1950 sí 1960, oko ni agbègbè wa yìí. Kòkó ló wà ní Àgége, kó tó di pé obì gba ipò rẹ̀. Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko ńlá ní Ìfàkò. Òun náà wà lára àwọn aṣáájú tó kúrò ní St. Paul's Breadfruit ní Èkó lọ́dún 1901, nígbà tí ìjà dé lórí ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí wọ́n dá African Church sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ ojú irin tó gba Àgége kọjá dé Ìbàdàn. Lọ́dún 1907, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Agege Planters' Union. Àwọn alágbàṣe wá láti òkè wá ṣiṣẹ́ lóko wọn, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì gbé e lọ sílé, tòun tìgbàgbọ́. Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn alágbàṣe ló fi orí ru yangí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ oko. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ bíi tìrẹ ni wọ́n.

Kì í ṣe tiwa nìkan náà o. Ní England, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta àtijọ́ tí kò ní ìjọ tirẹ̀ mọ́ pọ̀ débi pé wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún 1969 láti máa tọ́jú wọn. Ó ti lé ní 350 tó wà lọ́wọ́ àjọ yẹn báyìí. Àwọn ní àjọ. Àwa ní ìyá kan pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Ẹ ka orí 3, ẹ má fò ó tìtorí pé orúkọ pọ̀ níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń po lọ́fínńdà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ọṣẹ àti ìpara ní kọ́ńpìnnì, ẹ rí ara yín? Ṣálúmù kó àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin wá mọ ògiri. Àwọn ọlọ́lá Tékóà nìkan ni ò fẹ́ tẹ ọrùn síṣẹ́, wọ́n sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé a ń dá owó ẹ̀rọ amúlétutù fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mi ò ní ká má rà á, ooru Àgége kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n mo ń wá kápẹ́ńtà kan àti wẹ́dà kan tí yóò bá mi padà lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ má tíì mówó wá. Ojú yín ni mo fẹ́.

Ìwọ tó ń ka èyí náà, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì ẹ́ bọmi ńkọ́? Pe ilé lónìí, nígbà ìsinmi ọ̀sán. Má bi wọ́n pé èló ni wọ́n fẹ́. Bi wọ́n pé ta ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, kí o sì dá ọjọ́ tí wàá lọ kí i.

Àdúrà: Baba, ìyá tó gbá ilẹ̀ rẹ láàárọ̀ yìí, fún wọn lókun ní orúnkún. Bá wa dá ìjì dúró lórí páànù méjì tó kù, títí a ó fi dé. Lórúkọ Jésù. Àmín.