Èèwọ̀ Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀: Kí O Tó Dùbúlẹ̀ Sórí Tábìlì Oníṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ọmọ Awo, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yọjú wò wá láti ojú fèrèsé. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gan-an.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 22, wá sọ́dọ̀ mi. Ó sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ sí owó, ó gbé e sílẹ̀. Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀, Ogbègúndá ló yọjú. N kò ní ki ẹsẹ̀ Ifá náà níbí, ìtàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ fún yín.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Oríṣeékú àti Orílèémèrè kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọ́n rí orí tó rẹwà lójú, wọ́n gbé e, ó di ọ̀nà. Wọn ò mọ̀ pé iná kò mú un dáadáa. Òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà, orí ẹlẹ́wà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ dànù díẹ̀díẹ̀.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ, ó gbé iyọ̀ àti owó dání. Lójú ọ̀nà, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀. Oníbodè yẹn ló tẹ̀ lé e dé ilé Àjàlá. Afùwàpẹ́ bá Àjàlá san gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, ni wọ́n bá fi ọ̀pá irin lu àwọn orí náà wò, títí wọ́n fi rí èyí tó gbó dáadáa. Òjò rọ̀ lé e lórí, kò fọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Afùwàpẹ́ náà fẹ́ ohun tó dára. Ifá ò bá a wí fún ìyẹn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó bi ilé rẹ̀ léèrè, ó sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ bá a yẹ ọjà wò kó tó gbé e.

Bí mo ṣe parí ìtàn ni ọmọbìnrin yìí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, BBL ni mo fẹ́ ṣe. Mo ti ń kó owó rẹ̀ jọ láti ọdún méjì."

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ò mọ BBL, wọ́n á fa ọ̀rá láti inú ikùn tàbí itan, wọ́n á wá gún un sínú ìdí kó lè tóbi. Instagram kún fún àwòrán rẹ̀.

N ò bínú sí i. Ṣé àwa la fẹ́ sọ pé ọ̀bẹ lèèwọ̀? Àwa tí a ń sín gbẹ́rẹ́? Àwa tí àwọn bàbá wa kọ ilà sí ojú, tí àwọn kan sì kọ ọ́ nítorí ẹwà? Iṣẹ́ abẹ sì ti tún ètè ọmọ tó là ṣe, ó ti tún ara ẹni tí iná jó ṣe. Ire ni. Ṣùgbọ́n mo bi í ní ìbéèrè kan: "Ta ló mọ̀ nílé yín?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀, Bàbá. Màmá mi ò lè gbà."

Mo ní, "Ó dáa. Ogbègúndá ti dá ọ lóhùn. O ò tíì yà kí bàbá rẹ."

Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó rò pé mo fẹ́ dá òun dúró. Mo wá jókòó tì í, mo ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀ fún un, òun náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Àkọ́kọ́, BBL fúnra rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé jù, tó kan àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà nínú ẹran ìdí, ọ̀rá lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni náà lè kú lórí tábìlì. Ìwádìí kan tí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ gbé jáde ní ọdún 2017 sọ pé ikú tó ń tìdí rẹ̀ wá lè tó ẹnì 1 nínú ẹni 3,000. Ní 2018, BAAPS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà ní Britain, gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ná. Àwọn tó ń fi ọ̀bẹ jẹun ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe babaláwo.

Èkejì, oògùn akunilóorun. Oorun yẹn kì í ṣe oorun tí a ń sùn lálẹ́. Ẹni tí wọ́n bá kùn lóorun pátápátá kò lè wúkọ́ bí nǹkan bá gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kó má jẹun fún wákàtí 6, kó má sì mu omi lásán fún wákàtí 2 ṣáájú, nítorí oúnjẹ tó bá gòkè padà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. N ò ní purọ́ dẹ́rù bà yín: ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tó bọ́ sọ́wọ́ dókítà tó mọṣẹ́, á sábà sùn, á sì jí. Ṣùgbọ́n ara ẹlòmíràn ní èèwọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, èèwọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Awo mọ̀ pé ìdílé kan kì í jẹ irú ẹran kan, òmíràn kì í mu ẹmu. Ara náà ní tirẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń pe ọ̀kan ní malignant hyperthermia. Bí ẹni tó ní in bá fa irú àwọn gáàsì oorun kan sínú, tàbí tí wọ́n fún un ní oògùn tó ń jẹ́ succinylcholine, ẹran ara rẹ̀ lè le gbagidi, ara rẹ̀ á gbóná bí iná, ọkàn rẹ̀ á máa sáré. Bí dantrolene, oògùn tó ń pa á, kò bá sí nítòsí, ó lè já sí ikú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé: bí òbí kan bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún rẹ̀, ìdá kan nínú méjì. Ojú kì í rí i. Kódà, ẹni tí wọ́n ti kùn lóorun rí láìsí wàhálà ṣì lè ní in.

Irú èèwọ̀ yẹn, ta ló lè sọ ọ́ fún ọ? Àwọn tó wà nílé ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin yìí padà wá, òun àti ìyá rẹ̀. Màmá yẹn ń sunkún. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ní kò le rárá. Wọ́n ní ara rẹ̀ gbóná, ó le bí igi. Nílé, wọ́n ní ayé ló pa á. Wọ́n di ẹ̀bi ru ìyàwó bàbá wọn, ilé méjì ò sì kí ara wọn mọ́ títí di òní. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọn ò sọ létí ọmọ rí.

Èmi kọ́ ni mo máa sọ ohun tó pa á. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà bó ṣe jẹ́. Dókítà náà sọ pé títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kà á sí pé ara ọmọ yìí kọ àwọn oògùn wọ̀nyẹn. Pé oògùn oorun mìíràn wà tí èèwọ̀ náà kò kàn. Ó ti kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì mọ̀. Owó rẹ̀ ṣì wà ní báńkì, kò tíì pinnu. N ò bá a pinnu. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n sin òun lọ sílé àgbà obìnrin tí wọ́n pè lájẹ̀ẹ́ yẹn, kí òun lè lọ kúnlẹ̀. A lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé orí tó ń dán:

Ẹ bi àwọn òbí yín, ẹ bi àwọn ìyá àgbà: ta ló kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, tàbí tí ara rẹ̀ yí padà lẹ́yìn oògùn oorun?

Ẹ mọ jínótáìpù yín. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òtútù, àìtó omi tàbí àìtó atẹ́gùn bá òun lábẹ́ oorun. Dókítà ní láti mọ̀ ṣáájú.

Bí àpá yín bá máa ń wú kọjá ojú egbò, ẹ sọ ọ́. Ọ̀bẹ ẹwà lè fi àpá tó burú ju ohun tí ẹ sá fún lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Aáyù àti atalẹ̀ lásán lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu, ọtí pẹ̀lú, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú bí wọ́n bá ní kí ẹ dáwọ́ dúró. Àṣírí Awo kọ́ nìyẹn. Ẹ̀mí yín ni.

Ẹ béèrè bóyá orúkọ oníṣẹ́ abẹ náà wà ní ìwé MDCN, bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún yìí pé. Ẹ béèrè ta ló máa jókòó tì yín lórí ọ̀rọ̀ oorun nìkan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti ohun tí wọ́n ní nílẹ̀ bí ọkàn bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ dìde níbẹ̀. Orí tí kò bá fẹ́ kí a fi irin lu òun wò, iná kò mú un ni.

Ọ̀rọ̀ tó kù ń bẹ lọ́wọ́ àwa àgbà. Bí a bá ń fi ikú ilé pamọ́, tí a ń sọ pé ayé ló ṣe é láìwádìí, ọmọ wa ló máa gbé èèwọ̀ tí kò mọ̀ lọ sórí tábìlì. Ẹ sọ fún wọn.

Orí yín kò ní fọ́ lójú òjò. Ẹ ó sùn, ẹ ó jí. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.