Ohun Tí A Ó Gbé àti Ohun Tí A Ó Fi Sílẹ̀

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ta ilé, iye owó ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìbéèrè mìíràn wà tí ó le ju èyí lọ: kí ni ó tọ́ kí olùtà gbé jáde, kí sì ni ó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀?

Àwọn ará Òkè-Ògùn kì í ṣe àlejò sí ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà, tí Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia jẹ́ olórí rẹ̀, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á, tàbí kí ó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn oníṣòwò ọmọ Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ti sin òkú wọn síbẹ̀. Wọ́n ta ọjà wọn ní iye tí wọ́n bá rí; owó àwìn sì gbé mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù bá gbà ni wọ́n gbé. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ṣùgbọ́n àwa tí a ń fi ara balẹ̀ ta ilé, tí agbẹjọ́rò jókòó tì wá, àwáwí wo ni a ní?

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó ilé tán, tí wọ́n sì ń padà wá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Wọ́n á ní, “Ilé ni mo tà, n kò ta ilẹ̀kùn.” Ẹ wo bí Ábúráhámù ti ra ilẹ̀ tí ó sin Sárà sí lọ́wọ́ Éfrónì ní 400 ṣékélì fàdákà. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí 23, ka oko náà, ihò inú rẹ̀, àti gbogbo igi tí ó wà nínú oko náà mọ́ ọjà. Bí a kò bá yọ igi irúgbá ẹ̀yìnkùlé sọ́tọ̀ kí a tó dá owó lé ilé, igi náà ti di ti olùrà.

Ohun tí ó jẹ́ tiwa gan-an, kí a gbé e láìtijú. Òfì baba ní Ìsẹ́yìn kò sí nínú ọjà. Ọlọ ìyá pẹ̀lú. Bí àwọn ọmọ Èkó bá tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé òkúta ni a dì sínú mọ́tò, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Ti ibojì ni ó ṣòro jù. Àwọn baba wa a máa sin àgbàlagbà sínú ilé, nítorí náà ilé púpọ̀ tí a ń tà lónìí kò ṣófo. Irú ilé bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti ẹbí. Ọmọ kan ṣoṣo kò lè dá a tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfin ilẹ̀ wa kò gbà á. Bí ẹbí bá fohùn ṣọ̀kan, wọ́n lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n sì gbé egungun náà lọ sí itẹ́ òkú. Mósè gbé egungun Jósẹ́fù kúrò ní Íjíbítì, kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Wọ́n sì lè fi òkú wọn sílẹ̀ níbi tí ó sùn sí.

Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni ti àwọn tí ń da sìmẹ́ńtì bo ojú ibojì, tí wọ́n ń kun ògiri, tí wọ́n sì ń dákẹ́. Olùrà yóò wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní ọjọ́ kan, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì bá ohun tí a kò sọ fún wọn pàdé. Ẹ sọ fún un kí ó tó san owó. Ẹ mú un wọ yàrá náà níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ẹ gbé orí baba yín sí. Bí ó bá ní òun yóò yọ kúrò nínú iye tí ẹ dá lé e, ẹ jẹ́ kí ó yọ ọ́.