Má Mú Ìyá Mọ́ Ọmọ

Ìwé Mímọ́: Deuteronomi 22:6–7



Òfin kékeré ni a kà lónìí. Bí ènìyàn bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà, ó lè mú ọmọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mú ìyá mọ́ ọn. Ọlọ́run kò ka ẹran jíjẹ léèwọ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí a jẹ tòní, kí a sì jẹ tọ̀la pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí i pé ó so ẹ̀mí gígùn mọ́ òfin yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti so ó mọ́ bíbọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá.

Àwa tí a wá ṣòwò àti iṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́jà, létí omi ni a gbé ń ṣe àtìpó, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé gbé pàdé. Ojú omi yìí náà ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, gbà dé ìhín ní 1841, kí a tó fi í jẹ àlùfáà.

Nígbà tí odò bá kún, ẹja a máa wọ inú koríko tí omi bò lọ yé ẹyin. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ gbá ìyá àti ọmọ lọ. Àwọn mìíràn a da Gamalin 20 sínú omi, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ilé wa fi ń pa kòkòrò kòkó nígbà kan rí. A máa pa ẹja ńlá àti kékeré, àti kòkòrò omi tí ẹja ń jẹ. Oró rẹ̀ a sì fara pamọ́ sínú ọ̀rá ẹja. Ojú kò rí i, ata kò sì pa á nínú ọbẹ̀. Òfin ẹja òkun ilẹ̀ wa ti 1992 ti ka fífi májèlé pẹja léèwọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, “Èmi kì í ṣe apẹja, aṣọ ni mò ń tà, ìwé ni mò ń kọ ní ọ́fíìsì.” Ẹ̀yin ará, owó ẹni tí ń rà ni ó ń ju àwọ̀n. Bí a bá ń ná ẹja ńlá títí apẹja kò fi jèrè, kí ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ bọ́? Yóò padà sórí wẹ́wẹ́. Àgbẹ̀ tí ó bá sì se irúgbìn jẹ, kí ni yóò gbìn bí òjò bá dé?

Nítorí náà, kí a san owó tí ó tọ́ fún ẹja tí ó dàgbà, kí a sì fi òkìtì ọmọ ẹja sílẹ̀ lórí àtẹ. Kí a bi ẹni tí ń tà á léèrè bí a ti pa á. Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi, kí a di náílọ́ọ̀nù omi tí a mu mú títí a ó fi gúnlẹ̀. Kí a sì fi ọ̀rọ̀ tútù bẹ awakọ̀ kí ó má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sódò, nítorí omi tí ó kọjá lọ́dọ̀ wa, àwọn ará Ìdá ń retí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọjọ́ gígùn tí ó ṣèlérí, kí àwọn ọmọ wa sì bá ẹja nínú odò. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ, Gadumo